Dúdú àti Kíkorò: Ìtàn Bíà Dúdú láti London dé Ìkẹjà, àti Ìbéèrè Èwo ni Ojúlówó

Ìfáàrà

Ní àwọn ìsọ̀ tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń ra gàrí, èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ ní ìlú London, oríṣi ìgò Guinness Foreign Extra Stout méjì ni ènìyàn lè bá pàdé. Wọ́n pọn ọ̀kan ní Dublin. Wọ́n pọn èkejì ní Nàìjíríà, wọ́n sì kó o gba orí òkun wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ wọn kò yàtọ̀, àwọ̀ wọn kò yàtọ̀, ìdá 7.5 nínú 100 ni a sì ti mọ agbára àwọn méjèèjì sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Síbẹ̀, àwọn tí ó mọ ọtí náà kì í gbà pé nǹkan kan náà ni wọ́n. Ẹni tí ó dàgbà ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn a máa sọ pé ti ilé ni ojúlówó. Ẹni tí ó dàgbà ní Ireland a sì máa sọ pé níbi tí wọ́n ti dá nǹkan sílẹ̀ ni a ti ń wá ojúlówó rẹ̀.

Àríyànjiyàn yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ìdí ọtí lásán, ṣùgbọ́n ìbéèrè ìtàn ni ó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Nígbà tí ohun kan bá ti rìn jìnnà sí ibi tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, tí ó sì ti fìdí kalẹ̀ sí ibòmíràn, ta ni ó ní àṣẹ láti sọ pé eléyìí ni àtilẹ̀wá, pé àfarawé ni tọ̀hún? Àwọn tí ó ń kọ́ nípa òrìṣà àti èdè Yorùbá ní Brazil àti Cuba ti mọ bí ìbéèrè náà ti le tó. Wọ́n mọ̀ pé ìgbà mìíràn wà tí ẹ̀ka a máa pa ohun tí gbòǹgbò ti gbàgbé mọ́.

Àbá tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ahọ́n nìkan kò lè dá ẹjọ́ náà. Nínú bíà dúdú, ibi tí àwọ̀ dúdú ti wá yàtọ̀ sí ibi tí ìkorò ti wá. Owó orí, irinṣẹ́ ìwọ̀n, iná àti ọkọ̀ òkun ni ó so àwọn méjèèjì pọ̀ láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọtí dúdú kan wé òmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹnu ọ̀nà tí dúdú gbà wọlé, àti èyí tí ìkorò gbà wọlé.

Èdè ìtọ́wò nínú Yorùbá

Kí a tó rìn jìnnà, ó yẹ kí a wo ohun tí èdè fi lé wa lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni Yorùbá fi ń sọ bí nǹkan ti rí lẹ́nu: oúnjẹ a máa dùn, a máa korò, a máa kan, a sì máa ta. Ìkorò kì í ṣe àléébù nínú ìṣirò yìí. À ń fọ ewúro, ṣùgbọ́n a kì í fọ̀ ọ́ títí gbogbo ìkorò rẹ̀ yóò fi lọ, nítorí pé ìkorò yẹn gan-an ni a tìtorí rẹ̀ jẹ ẹ́. Òwe sì wí pé adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Àkíyèsí ìtọ́wò pípéye ni òwe yìí, yàtọ̀ sí pé ó ń kọ́ni ní sùúrù. Ó sọ fún wa pé adùn a máa ní ìtò: ohun kan a kọ́kọ́ dé, òmíràn a tẹ̀ lé e, èkẹta a sì kù lẹ́nu lẹ́yìn tí a bá ti gbé e mì.

Níbi ìsọmọlórúkọ, a máa ń fi oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare kan ẹnu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì máa ń fi àdúrà túmọ̀ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti rí. Orógbó tí ó korò ni a fi ń tọrọ kí ọmọ gbó. Nítorí náà, kí a to nǹkan sílẹ̀, kí a tọ́ wọn wò ní ẹsẹẹsẹ, kí a sì sọ ìyàtọ̀ wọn ní gbangba, kì í ṣe àṣà tí àwọn olùtọ́wò bíà ní Yúróòpù kọ́ wa.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí èdè wa ṣe, tí yóò wúlò fún wa títí dé òpin. Nígbà tí ọbẹ̀ bá jóná nídìí ìkòkò, ohun tí a kọ́kọ́ ń sọ ni pé ó jó, kì í ṣe pé ó korò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkorò wà nínú rẹ̀. Ìkorò ewé yàtọ̀ sí ìkorò iná. Nínú bíà dúdú, àwọn méjèèjì máa ń wà pa pọ̀. Ìkorò ewé ti ara họ́ọ̀pù wá, ìyẹn òdòdó ewéko kan tí ń fà mọ́ igi, tí ohun bí oje wà nínú rẹ̀. Bí a bá ti se é pẹ́ tó ni ìkorò rẹ̀ ń jáde tó. Ìkorò iná ti ara ọkà tí a yan títí ó fi dú bí èédú wá. Ahọ́n tí kò bá ní ìmọ̀ yóò pe méjèèjì ní ohun kan náà.

London: owó orí, irinṣẹ́ àti iná

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ọtí ọkà tí kò ní họ́ọ̀pù nínú ni gbogbo ènìyàn ń mu. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún 15 ni họ́ọ̀pù fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ láti òdìkejì òkun, pàápàá láti agbègbè Netherlands. Fún ìgbà pípẹ́, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọtí tí ó ní họ́ọ̀pù àti èyí tí kò ní ń jẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún 18, ọtí kan gbilẹ̀ ní London tí wọ́n ń fi mọ́ọ̀tì aláwọ̀ ilẹ̀ pọn, ìyẹn ọkà bálì tí a rẹ sómi, tí a jẹ́ kí ó hù, tí a sì fi iná igi gbẹ. Àwọn alárù tí ń ru ẹrù láàárín ìgboro fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, orúkọ wọn ni ó sì mọ́ ọn lára: porter.

Ìtàn kan gbilẹ̀ pé ọkùnrin apọntí kan, Ralph Harwood, ni ó dá porter sílẹ̀ ní 1722. Ìtàn náà wọ etí, nítorí pé ènìyàn fẹ́ràn kí ohun kọ̀ọ̀kan ní bàbá kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan wà tí ó jáde ní 1760, tí ẹni tí ó kọ ọ́ fi orúkọ ìnagijẹ Obadiah Poundage bo ara rẹ̀. Nínú lẹ́tà yẹn, kò sí akọni kan ṣoṣo. Ohun tí ó kà sílẹ̀ ni owó orí tí ìjọba gbé lé mọ́ọ̀tì àti họ́ọ̀pù, bí iye owó ọtí ti ń yí padà, àti bí àwọn apọntí ti ń wá ọ̀nà láti pọn ọtí tí yóò pẹ́ nínú àgbá kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò mu ún. Òǹkọ̀wé ìtàn yóò mọ ẹ̀yà ìtàn méjèèjì yìí: ọ̀kan jẹ́ ìtàn ìdásílẹ̀ tí ó ní akọni, èkejì jẹ́ ìtàn okòwò tí kò ní ju owó àti àkókò lọ. Èkejì ni ẹ̀rí gbè.

Ọtí tí ó ń pẹ́ nínú àgbá béèrè fún àgbá ńlá, àgbá ńlá sì béèrè fún olówó. Bí porter ṣe di iṣẹ́ àwọn ilé ìpọntí ràgàjì nìyẹn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Ọ̀wàrà 1814, àgbá ńlá kan fọ́ ní ilé ìpọntí Horse Shoe ti Meux ní àdúgbò Tottenham Court Road. Ọtí ya bí odò wọ inú àwọn ilé àwọn tálákà tí ó wà lẹ́yìn ògiri, ènìyàn 8 sì bá a lọ. A máa ń fi ìtàn yìí dápàárá lónìí, ṣùgbọ́n òkú ni ó wà nínú rẹ̀. Ó sì fi hàn bí iṣẹ́ ọtí dúdú ti tóbi tó kí ọgọ́rùn-ún ọdún 19 tó pé ọdún 15.

Ohun tí ó yí ọtí náà padà jù lọ kò ju irinṣẹ́ kékeré kan lọ. Ní 1784, John Richardson tẹ ìwé jáde lórí bí a ti ń lo saccharometer, ohun èlò tí a ń jù sínú omi mọ́ọ̀tì láti mọ ìwọ̀n ohun dídùn tí ó yọ́ sínú rẹ̀. Ìgbà tí àwọn apọntí fi irinṣẹ́ yìí wọn mọ́ọ̀tì aláwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n tó rí i pé ohun tí ń jáde lára rẹ̀ kéré sí èyí tí ń jáde lára mọ́ọ̀tì fífẹ́lẹ́ àwọ̀. Owó tí wọ́n rò pé àwọn ń pa mọ́ ni àwọn ń dà nù. Ni wọ́n bá kọjú sí mọ́ọ̀tì fífẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ọtí tí wọ́n fi ìyẹn pọn kò dú, àwọn oníbàárà sì ti gbà pé porter gbọ́dọ̀ dú. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣúgà jíjó pa á láró. Ní 1816, òfin jáde pé ohunkóhun tí ó bá yàtọ̀ sí mọ́ọ̀tì àti họ́ọ̀pù kò gbọdọ̀ wọ inú bíà. Ní 1817, Daniel Wheeler gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tuntun kan: ó ń yan mọ́ọ̀tì nínú agolo ńlá tí ń yí lórí iná, bí wọ́n ti ń yan kọfí, títí yóò fi dú kirikiri. Ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ ti tó láti sọ odindi àgbá di dúdú.

Kí a dúró díẹ̀ níbí. Dídú tí gbogbo ayé ń pè ní àtayébáyé lára stout àti porter, láti 1817 ni ó ti rí bí a ti mọ̀ ọ́n. Owó orí, irinṣẹ́ àti òfin ni ó bí i. Ìkorò iná tí ó bá a wọlé kì í ṣe ìkorò tí àwọn alárù àkọ́kọ́ mu. Orúkọ kò yí padà. Ohun tí ó wà nínú ife ni ó yí padà.

Òkun àti họ́ọ̀pù

Yàtọ̀ sí pé họ́ọ̀pù korò, ó tún ń dí àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń ba ọtí jẹ́ lọ́wọ́. Fún ìdí èyí, bí ìrìn àjò ọtí bá ti gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn apọntí ń fi họ́ọ̀pù kún un tó, tí wọ́n sì ń mú kí agbára rẹ̀ pọ̀ sí i. Ní 1801, ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìpọntí Guinness ní Dublin ní ìlànà fún porter kan tí wọ́n ń pè ní ti West India, èyí tí họ́ọ̀pù rẹ̀ pọ̀ ju ti ilé lọ, nítorí ooru ọ̀nà àti ooru ibi tí ó ń lọ. Òun ni bàbá ńlá Foreign Extra Stout òde òní. Ìtàn ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sọ pé 1827 ni ọtí náà kọ́kọ́ dé Sierra Leone. Ọdún kan náà ni wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay sílẹ̀ ní Freetown, tí Samuel Ajayi Crowther sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìlú tí wọ́n ti ń kó ìpìlẹ̀ kíkọ èdè Yorùbá jọ náà ni ìlú tí bíà dúdú gbà wọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà. Láti Southwark ní London, ilé ìpọntí Anchor ti ìdílé Thrale ń kó stout líle lọ sí ilẹ̀ Rọ́ṣíà, títí dé ààfin ọbabìnrin ibẹ̀. Nígbà tí Henry Thrale kú, Samuel Johnson wà lára àwọn tí ó bójú tó títa ilé ìpọntí náà ní 1781, ní £135,000. Johnson tí ó kọ ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń wí, kì í ṣe àlùfáà wa tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá ní Ọ̀yọ́. Ilẹ̀ Íńdíà náà gba bíà púpọ̀. Ìtàn tí ó gbajúmọ̀ ni pé bíà fífẹ́lẹ́ tí ó ní họ́ọ̀pù púpọ̀, irú èyí tí Hodgson ń pọn ní Bow, nìkan ni ó lè la òkun já. Kò rí bẹ́ẹ̀. Porter náà ń lọ sí Íńdíà, àwọn ọmọ ogun sì ń mu ún lọ́pọ̀lọpọ̀. Họ́ọ̀pù tí wọ́n ń fi sínú ti Íńdíà náà ju ti ilé lọ dáadáa. Bíà dúdú tí ó kún fún họ́ọ̀pù ti wà lórí òkun kí ẹnikẹ́ni tó rò pé ìlòdì ni kí ohun kan dú kí ó sì kún fún họ́ọ̀pù.

Nílé, ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ogun Àgbáyé Kìíní mú kí ìjọba dín agbára bíà kù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́ mọ́. Ní 1959, Guinness gbé ọ̀nà tuntun jáde, èyí tí Michael Ash ṣe agbátẹrù rẹ̀, tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ náítírójìn gbé stout sínú ife. Fífẹ́lẹ́ ni ọtí yìí, agbára rẹ̀ kò ju ìdá 4 lọ púpọ̀, ìfófòó rẹ̀ sì tutù lẹ́nu bí wàrà. Ohun tí ará òde òní ń mu ní Dublin gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn bàbá rẹ̀ nìyí. Ìgò tí a ń ṣí ní Nàìjíríà, ní Jamaica tàbí ní Trinidad, tí ó le, tí ó sì korò, ni ó súnmọ́ ìwé 1801 jù.

Ìkẹjà, 1962

Ní 1946 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Nigerian Brewery Limited sílẹ̀, ìgò Star àkọ́kọ́ sì jáde ní Èkó ní oṣù Òkúdù 1949. Guinness dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1950, láti máa kó stout wọlé láti òkè òkun. Nígbà tí ó di 1962, wọ́n ti kọ́ ilé ìpọntí sí Ìkẹjà, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ fún Guinness ní gbogbo Áfíríkà. Ní 1974, òmíràn tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú Benin.

Bí wọ́n ti ń pọn ọ́n yẹ fún àkíyèsí. Wọn kì í yan ọkà dúdú ní Ìkẹjà kí wọ́n tó pọn ọtí náà. Bíà fífẹ́lẹ́ ni wọ́n ń pọn níbẹ̀. Oje kíkì kan, tí wọ́n ti fi ọkà yíyan àti họ́ọ̀pù sè, ni ó ń wá láti Ireland, òun ni wọ́n sì ń dà pọ̀ mọ́ ọn tí ó fi ń di stout. Ara ọtí jẹ́ ti Ìkẹjà. Dídú rẹ̀ jẹ́ ti Ireland. Bí ẹnikẹ́ni bá wá béèrè ibi tí wọ́n ti pọn ọtí yìí, ìdáhùn olóòótọ́ ni pé ìlú méjì ni.

Kí ló dé tí ọtí kíkorò, dúdú, olówó gọbọi, fi rí ààyè tóbẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ olóoru? Ìpolówó ṣe tirẹ̀: láti 1929 ni Guinness ti ń sọ fún àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọtí náà ń ṣe ara lóore, ọ̀rọ̀ náà sì bá a dé ibi gbogbo. Ṣùgbọ́n ìpolówó kì í ta ohun tí etí kò bá ṣe tán láti gbọ́. Ní èrò tèmi, ohun tí ó bá pàdé níbí ni ìgbàgbọ́ tí ó ti wà nílẹ̀ pé ohun tí ó korò, tí ó sì dú, ń ṣiṣẹ́ nínú ara, gẹ́gẹ́ bí agbo. Pé stout ń fún ènìyàn ní ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Síbẹ̀ ìtumọ̀ tí àwọn ènìyàn fún un jẹ́ òótọ́ nínú ìtàn: wọ́n mú ọtí òyìnbó, wọ́n sì tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ewúro àti orógbó.

1988: ìpadàbọ̀ ọkà bàbà

Nígbà tí owó epo rọ̀bì wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, owó ilẹ̀ òkèèrè wọ́n fún Nàìjíríà. Láti oṣù Ṣẹrẹ 1988, ìjọba fòfin de kíkó ọkà bálì àti mọ́ọ̀tì rẹ̀ wọlé. Gbogbo ilé ìpọntí ní láti kọjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn. Ọkà bàbà kò yọ́ sínú omi gbígbóná àfi bí ooru rẹ̀ bá ju èyí tí ọkà bálì nílò lọ. Àwọn ẹ́ńsáìmù tí ń sọ ọkà di ohun dídùn kò pọ̀ tó nínú rẹ̀, nítorí náà wọ́n ní láti rà wọ́n láti òkè òkun. Kò ní èèpo tí ń ṣiṣẹ́ asẹ́ bí ti ọkà bálì, nítorí náà sísẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀rọ mìíràn. Ilé ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì, àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì, ṣiṣẹ́ lórí mọ́ọ̀tì ọkà bàbà. Àwọn kan tilẹ̀ dán orógbó àti ewúro wò bóyá wọ́n lè rọ́pò họ́ọ̀pù, nítorí pé họ́ọ̀pù náà kò hù nílẹ̀ wa.

Wọ́n mú òfin náà kúrò kí ọgọ́rùn-ún ọdún 20 tó parí, ṣùgbọ́n ọkà bàbà kò kúrò nínú àgbá. Títí di òní ni ó wà nínú stout tí a ń pọn ní Nàìjíríà, àti ti Guinness àti ti Legend tí Nigerian Breweries gbé jáde ní 1992. Ìyàtọ̀ gidi tí ó wà láàárín ìgò méjèèjì ní London nìyí. Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹnu àtẹ́ lu ti Nàìjíríà yóò sọ pé stout tí kò jẹ́ ti ọkà bálì pátápátá kì í ṣe stout. Ṣùgbọ́n bí yíyí ọkà padà bá ń gba orúkọ lọ́wọ́ ọtí, a jẹ́ pé London ti pàdánù orúkọ náà láti ìgbà tí àwọn apọntí ibẹ̀ ti fi mọ́ọ̀tì aláwọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀. Owó ni ó fa ti London, owó ni ó sì fa ti Ìkẹjà.

Ọ̀rọ̀ tún wà tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ọkà bàbà kì í ṣe àlejò nínú ìkòkò ọtí ní ilẹ̀ Yorùbá. Kí bíà tó dé ni a ti ń pọn ọtí ọkà bàbà, tí a sì ń fi àgbàdo pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Rírẹ ọkà sómi, jíjẹ́ kí ó hù, mímú un gbẹ, lílọ̀ ọ́, sísè é, àti fífi í sílẹ̀ kí ó kan: iṣẹ́ apọntí London ni, iṣẹ́ apọntí ilẹ̀ wa náà ni. Ohun tí òfin 1988 gbé wọ inú ilé ìpọntí ńlá gẹ́gẹ́ bí àrọ́pò jẹ́ ohun tí àwọn ìyá wa fi ṣe àkọ́kọ́.

Vermont: dúdú láìjó

Ní ọdún 1988 kan náà, ní òdìkejì òkun, Greg Noonan ṣí ilé ọtí kékeré kan tí ó ń pọn bíà tirẹ̀ sí ìlú Burlington ní Vermont, Amẹ́ríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó pọn ọtí kan tí ó dú bí porter, tí ó sì rùn fún họ́ọ̀pù bí bíà Íńdíà. Ó pè é ní Blackwatch IPA. Láti ibẹ̀ ni irú ọtí náà ti tàn kálẹ̀ láàárín àwọn apọntí kéékèèké. Ìjà orúkọ sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan pè é ní Black IPA, àwọn mìíràn sì rẹ́rìn-ín, nítorí pé lẹ́tà P inú IPA túmọ̀ sí fífẹ́lẹ́ àwọ̀. Àwọn ará Oregon àti Washington, níbi tí oko họ́ọ̀pù Amẹ́ríkà pọ̀ sí jù, fẹ́ kí ó máa jẹ́ Cascadian Dark Ale, ní orúkọ àwọn òkè agbègbè wọn. Ẹgbẹ́ àwọn apọntí Amẹ́ríkà, Brewers Association, fi í sínú ìwé ìlànà wọn ní 2010 pẹ̀lú orúkọ mìíràn tí kò tẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ́rùn.

Ohun tí ó kàn wá níbí ni bí wọ́n ti ń mú un dú. Ọ̀pọ̀ wọn ń lo mọ́ọ̀tì dúdú kan tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ kúrò, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Weyermann ń ṣe ní Bamberg, Jámánì. Èèpo ni ó máa ń gbé ọ̀pọ̀ ìkorò iná wọ inú ọtí. Bí wọ́n bá ti bó o, dúdú yóò kù, ìkorò iná yóò sì dín kù gidigidi. Nítorí náà, nínú ife Black IPA tí wọ́n pọn dáadáa, ojú ń rí porter, ahọ́n ń rí họ́ọ̀pù. Ẹni tí ó bá pa ojú dé lè má mọ̀ pé ohun tí òun ń mu dú. Ohun tí Wheeler so pọ̀ ní 1817 ni àwọn ará Vermont tú.

Bí a ṣe lè fi wọ́n wéra

Bí a bá gbé ife mẹ́ta kalẹ̀, ti Dublin, ti Nàìjíríà àti Black IPA kan, ìtò ewúro ni kí a tẹ̀ lé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kúrò nínú tútù nini, nítorí pé òtútù a máa di ahọ́n. Kí a kọ́kọ́ gbóòórùn wọn. Ti Black IPA yóò mú òórùn ọsàn tàbí ti oje igi wá, nítorí pé wọ́n fi họ́ọ̀pù sí i nígbà tí iná ti kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ti àwọn méjì yòókù yóò mú òórùn kọfí àti èso gbígbẹ wá. Lẹ́yìn èyí, kí a béèrè ìgbà tí ìkorò dé. Ìkorò họ́ọ̀pù a máa dé kíá, a sì máa pẹ́ ní ẹ̀yìn ahọ́n. Ìkorò iná a máa gbẹ ẹnu, bí ìsàlẹ̀ ife kọfí. Láàárín stout méjèèjì, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti fi wọ́n wéra máa ń sọ pé ti Nàìjíríà dùn díẹ̀ ju ti Dublin lọ.

Ìwọ̀n ìkorò kan wà tí àwọn apọntí ń kọ sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní IBU. Ẹyọ kan rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mílígíráàmù kan ohun kíkorò ara họ́ọ̀pù nínú lítà kan ọtí. Ìwọ̀n yìí wúlò, ṣùgbọ́n kò ka ìkorò iná mọ́ ọn, kò sì ka adùn tí ń bo ìkorò mọ́lẹ̀. Ọtí méjì lè ní iye kan náà kí ọ̀kan sì korò lẹ́nu ju èkejì lọ. Nọ́ńbà kò lè dá ẹjọ́ tí ahọ́n kò lè dá. Àkọsílẹ̀ ni ó ń sọ fún wa ohun tí a ń tọ́ wò.

Ìgúnlẹ̀

Ta ni ó ní ojúlówó, nígbà náà? Bí ọjọ́ orí ìlànà bá ni a ń wò, ìgò Ìkẹjà súnmọ́ 1801 ju ife aláfófòó ti Dublin lọ. Bí ọkà bá ni a ń wò, ìgò Dublin ni ó ṣì di ọkà bálì mú. Bí dídú bá ni, ilẹ̀ Ireland ni dídú méjèèjì ti wá. Bí a bá sì ń wo ẹni tí ó ni ín, ní oṣù Òkúdù 2024 ni Diageo kéde pé òun yóò ta ìdá 58.02 nínú 100 tí òun ní nínú Guinness Nigeria fún Tolaram, ilé iṣẹ́ tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Singapore. Ìbéèrè ojúlówó kò ní ìdáhùn kan nítorí pé kì í ṣe ìbéèrè kan. Iṣẹ́ òpìtàn ni láti tú u sí ìbéèrè mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ó sì dá ọ̀kọ̀ọ̀kan lóhùn.

Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo ti sọ nípa Dublin àti London rọrùn láti sọ, nítorí pé àwọn apọntí ibẹ̀ kọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀: ìwọ̀n họ́ọ̀pù, ìwọ̀n mọ́ọ̀tì, ọjọ́ àti oṣù. Àwọn obìnrin tí ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti ọtí ọkà bàbà kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìwé wọn ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn: orúkọ tí wọ́n ń pe ọkà nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, orúkọ tí wọ́n ń pe omi àkọ́sè, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé ọtí ti kan tó, pé ó ti kan jù. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè wa, àwọn tí ó sì mọ̀ wọ́n ń dàgbà. A lè jiyàn lórí ìgò méjì ní London nítorí pé ẹnìkan kọ ti ọ̀kan sílẹ̀ ní 1801. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè kò bá mú ìwé àti ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ tọ àwọn apọntí tí ó kù lọ ní àwọn abúlé wa, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò mọ bí wọ́n ti ń yan mọ́ọ̀tì ní London ní 1817, wọn kì yóò sì mọ bí ìyá àwọn ìyá wọn ti ń mú ọkà bàbà hù.